Ayò 5 sí 2 ní Crosby: Bí A Ṣe Ń Ka Àkọsílẹ̀ Bọ́ọ̀lù Ìgbà Thunder Balogun

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1949, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan láti Nàìjíríà kojú ẹgbẹ́ Marine ní pápá Rossett Park, ní ìlú Crosby tí kò jìnnà sí Liverpool. Ayò 5 sí 2 ni àwọn àlejò fi borí. Èèyàn 4,000 ni ó wòran, iye yìí ni ẹgbẹ́ Marine sì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrò tí ó pọ̀ jù lọ tí ó tíì péjọ sí pápá náà. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ dúró sí: ọjọ́, ibi, ayò, iye òǹwòran. Ẹni tí ó bá ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan kò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ Nàìjíríà náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù, níwájú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n wọ bàtà.

Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tí ó ń sọ, ohun tí kò lè sọ, àti bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ṣe lè kà á láìjẹ́ pé nọ́ńbà tàn án jẹ. Àpẹẹrẹ wa ni Teslim Balogun tí gbogbo ayé mọ̀ sí Thunder. Ọmọ Èkó ni, ọdún 1927 ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ St Mary's ti ìjọ Kátólíìkì ní Port Harcourt ni ó ti kàwé. Kò yani lẹ́nu. Ìlú èbúté àti ojú irin ni Port Harcourt láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò láti gbogbo ẹ̀yà ni ó sì kó ọmọ wọn wá síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí gbogbo wọn jọ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka eré náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá sọ pé ikọ̀ méjì "ta ọ̀mì," tàbí pé ẹnì kan "jẹ ayò kan," èdè eré mìíràn ni ó yá lò. Inú ayò ọlọ́pọ́n ni ọ̀mì ti wá, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó borí, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n borí. Ayò fúnra rẹ̀ ni orúkọ eré náà àti ti ọmọ inú ọpọ́n. Àyálò yìí dára létí, ó sì ti di tiwa, ṣùgbọ́n ó bo ìyàtọ̀ ńlá kan mọ́lẹ̀. Ojú ọpọ́n jẹ́ 12, ọmọ mẹ́rin ní ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ìgbàkígbà tí a bá dá eré dúró, bí a bá ka ọmọ tí ọ̀ta ti jẹ, tí a ka èyí tí òpè ti jẹ, tí a sì ka èyí tí ó kù lójú ọpọ́n, 48 ni a gbọ́dọ̀ rí. Bí a bá rí 47, ọ̀kan ti já sílẹ̀ tàbí ó wà lápò ẹnì kan. Ẹ̀rí ìṣirò wà nínú eré náà fúnra rẹ̀, kò nílò akọ̀wé.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún, kò sí ohunkóhun lórí koríko tí ó lè sọ fún ẹni tí ó pẹ́ dé pé ayò 5 ni ó wọlé, tàbí ta ni ó gbá a wọlé. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú gègé dání lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí ẹni tí ó mú gègé, tàbí bí ìwé rẹ̀ bá sọnù, ayò náà ti di ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Fún ìfiwéra, ẹ jẹ́ kí a wo eré kan tí ó súnmọ́ ayò ọlọ́pọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ṣe súnmọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Baseball ni eré náà, Amẹ́ríkà ni ó sì ti gbilẹ̀ jù. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì dúró pẹ̀lú kóńdó láti gbá a, bí ó bá sì gbá a dáadáa yóò sáré yípo ibùdó mẹ́rin láti jẹ àmì kan. Bí kò bá rí i ṣe, ó kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé wa ṣe ń wí nínú eré àdúgbò. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́sàn-án láti gbá, ènìyàn mẹ́ta ni ó sì gbọ́dọ̀ kú kí ìgbà kan tó parí. Ikú 27 ni ó ń parí eré fún ikọ̀ tí ó gbá gbogbo ìgbà rẹ̀. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníròyìn ibẹ̀ ti ń tẹ àtẹ kékeré kan jáde lẹ́yìn eré, tí orúkọ gbogbo òṣèré àti ohun tí kálukú ṣe wà nínú rẹ̀. Òfin ìṣirò kan ni ó de àtẹ náà: iye ìgbà tí àwọn ikọ̀ kan dúró láti gbá gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àmì tí wọ́n jẹ, àwọn tí wọ́n kù sójú ibùdó, àti àwọn tí wọ́n kú, bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí kò bá dọ́gba, akọ̀wé ti ṣàṣìṣe. Ọmọ ayò 48 nìyẹn lọ́nà mìíràn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, ọdún 1956, ní Yankee Stadium ní New York, Don Larsen ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ Yankees nínú ìdíje àṣekágbá ọdún náà. Àwọn Dodgers ti Brooklyn dúró láti gbá ní ìgbà 27. Àmì òdo, ẹni tí ó kù sójú ibùdó òdo, ẹni tí ó kú 27. Ìṣirò náà pé láìsí kóńkólò. Bọ́ọ̀lù 97 ni Larsen jù, òǹwòran 64,519 ni ó wà níbẹ̀, 2 sí 0 sì ni Yankees fi borí. Ẹni tí kò tíì bí nígbà náà lè jókòó lónìí kí ó ka eré náà láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn.

Ní ọdún 1956 kan náà ni Teslim Balogun wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ni àkọsílẹ̀ sọ nípa rẹ̀? Eré líìgì 13, ayò 3. Nọ́ńbà méjì péré.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kò kúrú. Ọkọ̀ ojú omi MV Apapa ni ó gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù 18 lápapọ̀, kúrò ní Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n gbá ti Crosby. Jack Finch, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Etim Henshaw ni balógun ikọ̀ (kí orúkọ má baà da ẹnikẹ́ni láàmú, Teslim Balogun kọ́ ni balógun). Sam Ibiam láti Port Harcourt wà lára wọn, aṣọ́lé tí àwọn òǹwòran sọ ní Black Magnet nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Titus Okere náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kojú kì í ṣe ẹgbẹ́ agbowó. Òṣìṣẹ́ tí ó ń fi ìrọ̀lẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn àlejò fúnra wọn. Ẹ má sì ṣe da Marine ti Crosby pọ̀ mọ́ Marine ti Èkó, tí ó kọ́kọ́ gba Ife Gómìnà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945. Orúkọ lásán ni ó pa wọ́n pọ̀.

Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá nínú ìrìn àjò náà. Wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n pàdánù 5. Báwo ni a ṣe máa díwọ̀n èyí? Ní ìgbà náà, máàkì 2 ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ẹni tí ó borí, àti 1 fún ọ̀mì. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́n, máàkì 6 nínú 18 ni, ìdá mẹ́ta gẹ́lẹ́. Láti 1981 ni wọ́n ti sọ ti ẹni tí ó borí di 3 níbẹ̀. Bí a bá fi ti òde òní wọ̀n ọ́n, máàkì 8 nínú 27 ni, tí kò tó ìdá mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó pàdánù ayò kan sí i tàbí tí ó jẹ ọ̀kan sí i láàrin ìṣirò méjèèjì. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi ikọ̀ ìgbà kan wé ti ìgbà mìíràn, òṣùwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè kejì ni pé eré wo ni ìwé kà kún. Kò sí ọ̀kankan nínú eré mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn tí ó wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, nítorí pé ẹgbẹ́ àti àkójọpọ̀ líìgì ni wọ́n kojú. Èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ni ti Freetown, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1949, níbi tí wọ́n ti fi 2 sí 0 na Sierra Leone. Láti ibẹ̀ ni ìwé náà ti ń bá a lọ: ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1955, Gold Coast fi 7 sí 0 fìyà jẹ wá ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 1959, àwa náà fi 10 sí 1 na Dahomey ní Èkó. Àwọn nọ́ńbà méjì yìí ni àwọn olùfẹ́ bọ́ọ̀lù mọ̀ lórí. Ti Crosby, tí ó mú 4,000 ènìyàn jáde nílé, wà ní ìta ògiri ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 13 àti 3. Kí Queens Park Rangers tó gbà á, Balogun ti wà ní Peterborough United ní 1955, lábẹ́ George Swindin tí ó ti jẹ́ aṣọ́lé Arsenal. Ṣùgbọ́n Peterborough kò tíì wọ inú Football League nígbà náà, 1960 ni wọ́n gbà wọ́n wọlé, nítorí náà ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò sí nínú 13 àti 3. Ìpín Kẹta ti Gúúsù ni Queens Park Rangers wà. Ẹgbẹ́ 24 ni ó wà níbẹ̀, eré 46 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàrin sáà. Balogun gbá 13 nínú wọn, kò tó ìdá mẹ́ta.

Nọ́ńbà 13 yìí lágbára ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Láti sáà 1965 sí 1966 ni Football League ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààyè fún pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí, àfi bí ó bá farapa. Nítorí náà eré 13 túmọ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 1,170 lórí pápá. Lónìí, agbábọ́ọ̀lù lè ní "eré 13" lórúkọ rẹ̀ kí àròpọ̀ ìṣẹ́jú rẹ̀ má ju 200 lọ, nítorí pé ìparí eré ni wọ́n ń mú un wọlé. Nọ́ńbà kan náà, ẹrù tí ó rù yàtọ̀.

Nọ́ńbà 3, ní tirẹ̀, ni kí a ṣọ́ra fún. Bí a bá pín ayò 3 sí eré 13, a ó rí 0.23, ìyẹn ni pé ó ju eré mẹ́rin lọ kí ayò kan tó wọlé. Òǹkàwé a yára sọ pé iná rẹ̀ kò jó dáadáa nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ wo Elkanah Onyeali, ọmọ tí wọ́n bí ní Port Harcourt, tí ó dé Tranmere Rovers ní 1960 nígbà tí ó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Eré líìgì 13 ni òun náà gbá, iye kan náà gẹ́lẹ́. Ayò 8 ni ó jẹ. Ìpín tirẹ̀ jẹ́ 0.62. Ṣé ó wá dára ju Thunder lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Eré 13 kéré. Bí bọ́ọ̀lù méjì péré tí Balogun gbá bá ti wọlé dípò kí aṣọ́lé gbé wọn, ìpín rẹ̀ ìbá fò sókè láti 0.23 sí 0.38. Ìṣirò tí bọ́ọ̀lù méjì lè mì báyìí kò lè ru ìdájọ́ lórí ìgbé ayé agbábọ́ọ̀lù kan. Bọ́ọ̀lù tí ó gbé fún ẹlòmíràn kí ìyẹn tó gbá a wọlé kò sì sí nínú ìwé rárá, nítorí pé wọn kì í kà á nígbà náà.

Ti Titus Okere tún yàtọ̀. Ó wọ Swindon Town ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n kò gbá eré líìgì kankan fún ikọ̀ àkọ́kọ́. Òdo ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Òdo yẹn kì í ṣe òdo Larsen, tí ó jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ àṣepé. Òdo tirẹ̀ jẹ́ òdo ẹni tí ìwé náà kò wo apá ibi tí ó wà.

Ohun tí ó dùn mí jù ni apá tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ Balogun. Kí ó tó lọ, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Railways ní Èkó àti fún ikọ̀ Pan Bank, nínú líìgì àti nínú ìdíje ife tí ó ń kó àwọn ìlú pọ̀. Port Harcourt náà di alágbára nínú ìdíje yẹn, tí ìlú náà gba ife ní 1955 àti 1958. Orí pápá wọ̀nyẹn ni Balogun ti di Thunder. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn àkójọ tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó lónìí, 13 àti 3 ni yóò kọ́kọ́ rí. Sáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti wá ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé ti pé.

Ní ilé, orúkọ ni ó ṣe iṣẹ́ ìwé. Thunder, ààrá, jẹ́ ìṣirò agbára ẹsẹ̀ lọ́nà tí àwọn òǹwòran mọ̀ ọ́n kà. Black Magnet jẹ́ àkójọ gbogbo bọ́ọ̀lù tí Ibiam gbá mú. Oríkì ni wọ́n, a sì mọ̀ nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pé oríkì kì í purọ́ lórí ohun tí ó jẹ́ kí a ranti ènìyàn, bí ó tilẹ̀ ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ iye. Ìtàn bọ́ọ̀lù tí ó fa àwọ̀n ya, tí ó dá òpó lulẹ̀, pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nípa Thunder. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà á sílẹ̀ bí ìtàn, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ìgbà tí ó sọ ọ́, kí ó má sì kọ ọ́ sábẹ́ ojú ìlà nọ́ńbà.

Ṣé a tún lè rí iye náà? Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gba àwọn aláwọ̀ dúdú láàyè nínú líìgì baseball tí ó ga jù. Àwọn aláwọ̀ dúdú dá líìgì tiwọn sílẹ̀, ìwé àgbà kò sì kà á kún. Àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ń kó àtẹ eré jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn aláṣẹ eré náà kéde pé líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú láti 1920 sí 1948 jẹ́ líìgì àgbà. Ní oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n da nọ́ńbà wọn pọ̀ mọ́ ti ìwé. Lọ́jọ́ náà, Josh Gibson, tí ó ti kú láti 1947, bọ́ sí òkè ìwé pẹ̀lú ìpín .372, tí ó kọjá .367 ti Ty Cobb. Ìwé ìròyìn ni ó gbé e débẹ̀.

Àwa náà ní ìwé ìròyìn. West African Pilot bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó ní 1937. Ní 1940, Nnamdi Azikiwe, ẹni tí ó fẹ́ràn eré ìdárayá púpọ̀, dá Eastern Nigeria Guardian sílẹ̀ ní Port Harcourt gan-an. Ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá kò gbẹ́yìn ní àárín ọ̀rúndún náà. Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì, ó sì wà ní Enugu àti Kaduna. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó mú ikọ̀ kan àti sáà kan ṣoṣo. Kí ó fa ìlà fún ọjọ́, ibi, àwọn tí wọ́n gbá, ayò, ẹni tí ó jẹ ẹ́, àti orúkọ ìwé ìròyìn tí ó ti rí i. Níbi tí ìwé méjì bá ti ta ko ara wọn, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Kí ó fi òfin ọpọ́n ayò yẹ̀ ẹ́ wò: bí ayò tí ó wà lórúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kò bá dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ ayò ikọ̀, nǹkan kan ti já sílẹ̀. Kí ó tún fi ojú ìlà kan sílẹ̀ fún ohun tí àwọn òyìnbó Crosby kò kọ sínú nọ́ńbà, bàtà tàbí ẹsẹ̀ lásán.